Okùn Tí Ń Gbé Ohùn Wọlé

"Ìwọ ará odò, ṣé ẹ kì í fo okùn lábúlé yín ni?"

Rọ̀kíbátù Sàlàkọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Leah jókòó sí ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì, níbi tó máa ń jókòó sí nígbàkígbà tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi, ó ń já àgbàdo sísun jẹ ní hóró kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa tètè tán. Bí àgbàdo bá tán, ọwọ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan ṣe mọ́, gbogbo ayé yóò sì wá rí i gbangba pé kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 1957 nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni ìyá rẹ̀ ti fi lọ́ǹṣì gbé e wá láti abúlé wọn, ọ̀kan nínú àwọn abúlé Ìlàjẹ apẹja tí wọ́n kọ́ sórí òpó létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́. Ó fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ ní Ìkòròdú kí ọmọ náà lè lọ sí ilé ìwé Mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Àwọn ọmọ Ìkòròdú kò nà án o, wọn kò sì bú u ní èébú gidi. Wọ́n kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí ó bá ṣèèṣì pe ọmọ ní "ọma" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, ẹ̀rín ni. Bí ó bá wọ kíláàsì, wọn á fọwọ́ bo imú, wọn á ní àwọn ń gbóòórùn ẹja yíyan, bí ẹni pé òkúta ni àwọn fi ń jẹ ẹ̀bà nílé tiwọn.

Rọ̀kíbátù sún mọ́ ọn. "Okùn wa ti já. Ìtàkùn la fi ń fò báyìí, ó sì ń bó wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin apẹja, ṣebí okùn niṣẹ́ yín? Mú okùn gidi wá. Bí o bá ti mú un wá, o ti di ara wa nìyẹn. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ fò."

"Màá mú un wá," ni Leah wí, kí ó tó ronú ibi tí yóò ti rí i.

Ilé Mathias Ògúndípẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, wà lójú ọ̀nà tó lọ sí èbúté. Bàbá Ìkòròdú ni gbogbo ọmọ ẹbí ń pè é. Akọ̀wé ni ní èbúté lọ́ǹṣì, òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò tó ń lọ sí Èkó. Caroline ìyàwó rẹ̀ ti kú láìbímọ fún un, láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ṣé o jí dáadáa?" "Ṣé o ti jẹun?" "Ó dàárọ̀." Bóyá ni òun àti Leah ń bá ara wọn sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ní ìwúwo tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Leah máa ń dúró lójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa gbọ́ fèrè lọ́ǹṣì tó ń lọ sápá Ẹ̀pẹ́, tí omi yóò sì lé ròrò sí i lójú.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ara Bàbá Ìkòròdú máa ń yá. Nígbà ogun Bọ́mà, rédíò ló fi ń ránṣẹ́ fún àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé láti ojú ogun, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò tí ó lè gba ohùn tí ó sì lè fi ohùn ránṣẹ́. Ó so ọ̀pá ọparun gígùn kan mọ́ igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé, ó ta wáyà èríàlì sórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni okùn dúdú kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ òrùlé, tó sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá rédíò. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé, yóò wọ yàrá náà, yóò fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí rẹ̀ méjèèjì, yóò máa tẹ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó ń dún tí-tíì-tí, ìró kúkúrú àti gígùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ dípò ẹnu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Samuel, ará Sàró tí wọ́n jọ lọ sógun, yóò sì máa tẹ tirẹ̀ padà láti òkèèrè. Leah máa ń gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Ìkòròdú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín náà ń dùn mọ́ ọn nínú, ó sì tún ń dùn ún, nítorí kì í ṣe òun ni wọ́n ń rín in fún.

Ọjọ́ tí ọmọ náà dé gan-an ni Bàbá Ìkòròdú ti sọ fún un pé, "Leah, ohun gbogbo nínú ilé yìí, tìẹ ni. Èyí tó bá jẹ mọ́ rédíò nìkan ni kí o kọ́kọ́ bi mí kí o tó fọwọ́ kàn án."

Lábẹ́ òrùlé, lẹ́yìn fèrèsé, okùn dúdú náà gùn ju ohun tí ó yẹ lọ. Bàbá Ìkòròdú ti ká èyí tó lé, ó sì fi kọ́ sára ìṣó. Leah ti ń wò ó tipẹ́. Ara rẹ̀ ń dán, ó wúwo níwọ̀n, kì í lọ́ mọ́ra. Okùn fífò tó dára tó ìyẹn kò sí ní gbogbo Ìkòròdú títí dé Ìgbògbò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Rọ̀kíbátù bá a sọ̀rọ̀, Bàbá Ìkòròdú ṣì wà ní èbúté. Leah dúró sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́.

"Kì í ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ mú," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Èyí tó kàn ń fi ara kọ́ ìṣó lásán ni."

Ó rántí pé wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè, wọ́n lè sọ fún un pé rárá. Ó gé e.

Ẹnu yà á nígbà tó rí inú okùn náà. Awọ dúdú ló wà lóde. Lábẹ́ rẹ̀ ni wáyà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n. Lábẹ́ àwọ̀n yẹn ni ọ̀rá funfun kan. Ní àárín ọ̀rá funfun náà gan-an sì ni wáyà kan ṣoṣo wà, bí mùdùnmúdùn inú egungun. Ó gé ìwọ̀n tí ó tó fún okùn fífò kúrò láàárín, ó wá ku ẹnu méjì tó ń ranjú mọ́ ọn.

Ọmọ apẹja ni Leah. Bí okùn bá já lábúlé wọn, wọn kì í ta á ní kókó, nítorí kókó a máa há. Ńṣe ni wọ́n ń tú ẹnu méjèèjì, tí wọn á hun fọ́nrán tibí wọ inú tọ̀hún títí tí a kò fi ní mọ ibi tó ti já. Bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ kí omi ọ̀sà tó gbé e lọ, ó sì máa ń sọ fún àwọn apẹja yòókù pé oríkèé tí ọmọ òun bá ṣe kì í tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Leah ṣe é. Ó lọ́ wáyà àárín pọ̀, ó hun wáyà wẹ́wẹ́ wọ inú ara wọn, ó fi òwú àwọ̀n dì í pinpin. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ agbẹ́kọ̀ kan nísàlẹ̀ ọ̀nà, ó tọrọ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀, ó bù ú wá nínú èèpo àgbọn, ó sì fi kun ojú ibẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fà á títí, kò mì. Bí a bá so ọkọ̀ ẹlẹ́rù mọ́ ọn, yóò dá ọkọ̀ dúró. Ó ká okùn náà padà sára ìṣó, ó sì dojú oríkèé náà kọ ògiri.

Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé okùn apẹja, agbára nìkan là ń fẹ́ lára rẹ̀. Inú omi nilé rẹ̀. Okùn ti Bàbá Ìkòròdú, omi lọ̀tá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Leah ló kọ́kọ́ fò. Rọ̀kíbátù di ẹnu kan mú, Mùlíkátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, di ìkejì mú, okùn dúdú náà ń fẹ́ yìì lókè, ó ń gbá ilẹ̀ pàá. Leah fò títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí ó máa dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ará odò lọ́jọ́ náà. "Leah, wá di èyí mú." "Leah, ìwọ ló kàn." Àwọn ọmọ Mọ́dà tí ó ti rò pé wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ òun! Nígbà tí wọ́n jáde, Rọ̀kíbátù fi apá kọ́ ọ lọ́rùn títí dé oríta, inú Leah sì dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Ìkòròdú jáde láti yàrá rédíò, ó ń fọwọ́ ra etí.

"Samuel jìnnà lónìí," ó wí nídìí oúnjẹ. "Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga ni mo ṣe ń gbọ́ ọ." Ó fi kún un pé, "Lópin oṣù kẹfà yìí ni yóò wọ ọkọ̀ òkun. Ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní ìlú òyìnbó, kò sì ní lè gbé rédíò dání. A ti jọ ṣàdéhùn pé Sátidé kankan kò ní yẹ̀ títí di ìgbà náà."

Leah tẹjú mọ́ abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ara ìṣó lábẹ́ òrùlé, ó sì yára fà á padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni òjò dé. Òjò oṣù kẹfà etí ọ̀sà, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, ó lè di ọ̀la kí ó tó rántí pé òun ní ilé. Ó rọ̀ sórí páànù, ó rọ̀ sórí igi àgbọn, ó sì ń ṣàn tẹ̀lé okùn dúdú náà wá sábẹ́ òrùlé ní kíkán kíkán. Nígbà tí Bàbá Ìkòròdú jókòó ní Sátidé, kò gbọ́ ohùn kankan. Ariwo ṣíí lásán ni. Ó pe Samuel títí, tí-tíì-tí, tí-tíì-tí, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ó tú rédíò sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó nu gílóòbù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pààrọ̀ èyí tí kò dá a lójú. Ó gun igi àgbọn fúnra rẹ̀, ó yẹ èríàlì wò. Ó yẹ ẹnu okùn wò lókè, ó tún yẹ ẹnu rẹ̀ wò nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì le dáadáa. Àárín okùn kò wá sí i lọ́kàn, nítorí odindi ló rà á, odindi ló sì gbé e kọ́. Sátidé mìíràn dé, ariwo ṣíí náà ni.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù nínú abọ́ rẹ̀.

"Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Leah gbọ́ tó ń bi ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo fi ọwọ́ rẹ̀ ṣàwàdà níjọ́sí. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ti ń wúwo lórí kọ́kọ́rọ́ bí ọwọ́ àgbàlagbà. Àwàdà ni mo ṣe. Samuel kì í bínú sí àwàdà."

Ní Sátidé kẹta, òjò dá díẹ̀ lọ́sàn-án. Bàbá Ìkòròdú jókòó ti rédíò, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àánú ṣe Leah. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ibi tí kò dúró sí rí.

"Bàbá, báwo ni ohùn ṣe ń dé inú ilé?"

Ọkùnrin náà yíjú wò ó bí ẹni pé ó ti gbàgbé pé ènìyàn kejì wà nínú ilé. Ó wá fa àpótí kan súnmọ́ ara rẹ̀.

"Wá jókòó." Ó nawọ́ sójú fèrèsé. "Ohùn tó bá fi lè rìn láti Sàró dé ìhín, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìba tíńtín ló máa ń kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá bà lé èríàlì. Okùn dúdú yẹn ló ń gbé ìba tíńtín náà wọlé. Ṣùgbọ́n okùn kan kò sí tí kì í jẹ nínú ohun tó bá gbé. Ṣé o ti fi igbá tó ń jò pọnmi rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí ọ̀nà odò bá kúrú, omi tí ó pọ̀ díẹ̀ ṣì máa délé. Bí ọ̀nà bá gùn, èyí tó máa délé á kéré. Bí okùn ṣe rí nìyẹn. Bó bá ti ń gùn sí i ni ohùn ń dín kù sí i. Èyí tó burú jù ni kí omi wọ inú rẹ̀. Bí omi bá lè dé ibi àwọ̀n wáyà inú rẹ̀, ohùn tán nìyẹn. Tèmi kò jáde mọ́, ti Samuel kò wọlé mọ́." Ó mi orí. "Ṣùgbọ́n omi ò lè wọ tiwa. Odindi ni, kò ní oríkèé kankan."

Ojú Leah yà sí ìṣó tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Kò tíì sí ìgbà kan tí Bàbá Ìkòròdú bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń pòǹgbẹ rẹ̀ láti oṣù kìíní ló wá dé yìí, òun náà ló sì ń dá a lẹ́bi.

"Bàbá…"

"Kí ni, ọmọ mi?"

Ọmọ mi! Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Leah la ẹnu, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: lọ́ǹṣì tí yóò dá a padà sábúlé, ojú ìyá rẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀ tí yóò di ohun tí wọ́n fi ń dáná, àti Rọ̀kíbátù àtàwọn yòókù tí wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

"Oúnjẹ… oúnjẹ ti ń tutù, sà."

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣì ku Sátidé kan kí oṣù kẹfà tó parí. Òun yóò sọ ọ́ kí ó tó di ìgbà náà. Ohun tí à ń pè ní ọ̀la yìí, ọ̀rẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, okùn fífò kò dùn mọ́ ọn mọ́. Bí ó bá ti ń gbá ilẹ̀ pàá, kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn ni Leah ń gbọ́. "Kí ló ṣe ọ́?" ni Mùlíkátù bi í. Ó ní orí ló ń fọ́ òun. Ó padà sí ìdí igi máńgòrò fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé e lọ síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ni ó ti ń dá wà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí Bàbá Ìkòròdú tó mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, Leah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀.

"Bàbá, oríkèé wà lára okùn. Èmi ni mo gé e. Mo fi ṣe okùn fífò fún àwọn ẹgbẹ́ mi níléèwé. Mo hun ún pọ̀, mo sì fi ọ̀dà kùn ún kí ẹ má bàa mọ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni mo ti ń fura, mi ò lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ má dá mi padà."

Bàbá Ìkòròdú gbé ife ẹ̀kọ kalẹ̀. Ó dìde, ó lọ sábẹ́ òrùlé, ó sọ okùn náà kalẹ̀ lára ìṣó, ó sì rí oríkèé. Ó dì í mú títí lọ́wọ́, ó ń wo bó ṣe dọ́gba, ó ń wo òwú tí wọ́n fi dì í. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e. Omi aláwọ̀ ewé ṣàn jáde sí i lọ́wọ́. Wáyà tó ti máa ń pupa fòò ti dúdú, ó ti dípẹtà. Ó ń gé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí wáyà ti mọ́. Ó yọ irin ẹnu okùn kúrò nídìí rédíò, ó wọ́ ẹnu okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà gba ojú fèrèsé, ó sì jó irin náà mọ́ ọn. Okùn tó kù tó, ó kù díẹ̀ kí ó má tó.

Nígbà tó parí ló tó sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"O mọ èyí tó dùn mí jù níbẹ̀? Okùn yìí gùn jù tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lára ìṣó yẹn, ó kàn ń jẹ nínú ohùn Samuel lásán ni. Láti Àjíǹde ni mo ti ń sọ pé màá gé e kúrò, ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Ká ní o bi mí, Leah, èmi fúnra mi ni ǹ bá gé e fún ọ láti ẹnu ibí. Ìwọ ì bá rí okùn fò, èmi náà ǹ bá sì gbọ́ ọ̀rẹ́ mi ketekete."

Leah rò pé ká ní ó nà òun ni, ì bá sàn.

Ní ọ̀sán, Bàbá Ìkòròdú tan rédíò. Ariwo ṣíí náà là sí méjì, ohùn sì wọlé, tí-tíì-tí láti ibí, tí-tíì láti ọ̀hún, bí ọjà tó kún. Ojú rẹ̀ tàn. Ó pe Samuel. Ó tún pè é. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ẹnìkan dáhùn láti Sàró, Bàbá Ìkòròdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ó ń mi orí. Díẹ̀díẹ̀ ni orí náà dúró. Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe Samuel," ó wí. "Aládùúgbò rẹ̀ tó fi rédíò sílẹ̀ fún ni. Ọkọ̀ òkun náà tètè dé. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló gbé e lọ."

"Bàbá…"

"Ó ní gbogbo Sátidé ni Samuel fi ń pè mí. Sátidé tó kọjá, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ó tó dìde nídìí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Ìkòròdú. Ó ní bóyá Ìkòròdú ti rí ọ̀rẹ́ tuntun."

Leah bú sẹ́kún. Sátidé tó kọjá! Ọjọ́ tí òun jókòó lórí àpótí yìí gan-an, tí wọ́n bi òun pé kí ni, ọmọ mi, tí òun sì ní oúnjẹ ń tutù. Ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀bẹ kan àti ọ̀sán kan ló gbà. Samuel ti wà lójú omi báyìí pẹ̀lú èrò pé ọ̀rẹ́ òun ti kọ òun sílẹ̀. Aládùúgbò náà kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé nílùú òyìnbó, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè bi.

Bàbá Ìkòròdú jẹ́ kí ó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "N kò ní dá ọ padà. Ẹni tó bá lé ọmọ kúrò nílé nítorí pé ó sọ òtítọ́, irọ́ ló ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ gba okùn yẹn wá."

Lọ́jọ́ Ajé, Leah dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ fún wọn pé okùn náà kì í ṣe ti òun, pé òun jí i gé ni. Rọ̀kíbátù wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ọmọ olè lo wá fẹ́ sọ wá dà?" Ó ju okùn náà sí i lẹ́sẹ̀. "Gba okùn rẹ, ará odò."

Wọ́n padà sídìí ìtàkùn wọn, wọn kò sì pe Leah. Mùlíkátù nìkan ló bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Leah ká okùn náà, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó padà lọ jókòó sídìí máńgòrò. Ó dùn ún gan-an, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń bẹ̀rù mọ́.

Nígbà tó di Sátidé, Bàbá Ìkòròdú pè é wọ yàrá rédíò. Àpótí ìjókòó náà ṣì wà níbi tó wà. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí ọmọ náà létí, ó sì di ìka rẹ̀ mú lórí kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́," ó wí, "ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì wà. Kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kan, ẹnìkan tó mọ Samuel yóò gbọ́ wa, a ó sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un."

"Èmi ni màá sọ ọ́, sà," ni Leah wí. "Ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde."

Bàbá Ìkòròdú wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín yàrá yẹn jẹ́ ti Leah. Òjò ti tún ń ṣú bọ̀ láti ojú ọ̀sà.

"Gbọ́ èyí kí o sì fi sọ́kàn," ó wí. "Kò sí ọmọ tí kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbà tí kì í ṣe é. Gígé tí o gé okùn kọ́ ló pa ohùn. Bíbò tí o bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí o bá tún ba nǹkan jẹ́ nínú ilé yìí, ohun yòówù kó jẹ́, wá sọ fún mi kí òjò tó rọ̀."

Títí Leah fi dàgbà, tí òun náà sì ní àwọn ọmọ tirẹ̀, gbólóhùn yẹn ni ó fi ń tọ́ wọn. Bí ó bá rí ọmọ tó ń yí ojú kiri, kò ní jágbe mọ́ ọn. Á fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ara rẹ̀, á sì ní, "Wá sọ fún mi. Òjò ò tíì rọ̀."